Ìjà ń lọ lórí géèmù íntánẹ́ẹ̀tì o: Ta ló yẹ kó yan pápá tí wọn yóò ti jà?

Aago mọ́kànlá alẹ́ ti lù. Òṣìṣẹ́ kan ti ti ibi iṣẹ́ dé, ó ti wẹ̀, ó ti jẹun, ìyàwó àtàwọn ọmọ ti sùn, iná sì wà, èyí tó jẹ́ ohun ìyanu láyè ara ẹ̀. Ó ní kóun gbá géèmù ẹyọ kan péré kóun tó sùn. Ó tan kọ̀ǹpútà, ó tò sórí ìlà àwọn tó ń wá ẹni tí wọn yóò jọ gbá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó dúró ìṣẹ́jú kan, ó dúró ìṣẹ́jú mẹ́rin. Nígbà tí èèyàn máa fi pé, máàpù tí ẹ̀rọ gbé jáde fún wọn ni èyí tó kórìíra jù láyé ẹ̀. Ojú ọkùnrin náà yí padà bìrí. Ó tẹ Alt, ó tẹ F4 mọ́ ọn, géèmù pa dé, ó sá lọ. Àwọn méje tí wọ́n ti jọ ń retí, tí ọ̀kan wà ní Brazil, tí èkejì wà ní Jámánì, tí òmíràn wà ní Íńdíà, gbogbo wọn tún padà sẹ́yìn ìlà. Èpè tí wọ́n ń gbé e ṣẹ́ ò kéré, ohun tó kó o yọ ni pé kò gbọ́ èdè wọn.

Ẹni tó bá rò pé àsọdùn lèyí, kó lọ bi àwọn tó ń gbá Age of Empires II léèrè. Géèmù ogun ayé àtijọ́ ni, níbi tí ẹni kọ̀ọ̀kan ti ń kó àgbẹ̀ àti agégi jọ, tó ń kọ́lé, tó ń rọ idà, tó sì ń kó ọmọ ogun lọ ká aládùúgbò ẹ̀ mọ́lé. Ọdún 1999 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e jáde, ṣùgbọ́n ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, iléeṣẹ́ Microsoft gbé àtúnṣe ẹ̀ síta, wọ́n sì fi ètò kan sí i tó máa ń fúnra ẹ̀ wá alátakò fún èèyàn. Láti ìgbà náà ni Alt-F4 ti di orúkọ àìsàn láàárín wọn. Bí máàpù tó jáde ò bá ti wu ẹnì kan ṣoṣo nínú àwọn mẹ́jọ, ó ti tẹ̀ ẹ́ nìyẹn, eré dàrú mọ́ gbogbo wọn lọ́wọ́.

Kí ni wọ́n ń pè ní máàpù gan-an? Kì í ṣe àwòrán ilẹ̀ tí tíṣà máa ń gbé kọ́ ara ògiri ní iléèwé o. Pápá ìjà ni, àdúgbò tí eré ti máa wáyé: ibi tí òkè wà, ibi tí omi wà, ibi tí èèyàn lè sá pamọ́ sí. Nínú Age of Empires II, máàpù kan wà tó ń jẹ́ Arabia. Gbalasa ni, kò sí ògiri, kò sí igbó tó ṣe é fẹ̀yìn tì, ẹni tó bá yára gẹṣin ló máa kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ ọ̀tá. Òmíràn ń jẹ́ Arena, ibẹ̀ ni wọ́n ti fi ògiri òkúta yí ilé oníkálùkù ká láti ìbẹ̀rẹ̀, kálukú á rọra máa kó ọrọ̀ jọ kí ogun tó dé. Black Forest ńkọ́? Igbó kìjikìji ni, ọ̀nà tóóró ló wà láàárín. Islands sì rèé, omi ló yí gbogbo ẹ̀ ká, ẹni tí ò bá mọ ọkọ̀ ojú omi í kàn, kó yáa lọ sùn. Bí wọ́n bá gbé ẹni tó ti fi ọdún mẹ́ta kọ́ ìjà Arabia sínú Islands, bí ìgbà tí wọ́n ní kí awakọ̀ danfo wá tukọ̀ ní Màkókò ni.

Ìdí tọ́rọ̀ ọ̀hún fi ń di ìjà nìyẹn. Ẹni tó bá yan pápá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yan ẹni tó máa borí. Àwọn ará Bolivia mọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú bọ́ọ̀lù. La Paz tí wọ́n ti gbàlejò fún ọ̀pọ̀ ọdún ga ju 3,600 mítà lọ, àwọn àlejò tó bá lọ síbẹ̀ á máa mí hẹlẹhẹlẹ kí ìdajì àkọ́kọ́ tó parí. Nígbà tí FIFA fi òfin de bọ́ọ̀lù orí òkè gíga bẹ́ẹ̀ ní ọdún 2007, ariwo tí Bolivia pa ò ṣe é fẹnu sọ, FIFA sì sún òfin náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Bọ́ọ̀lù náà nìyẹn, tó jẹ́ pé koríko àti òpó ni gbogbo ẹ̀. Ká má wá sọ géèmù tí pápá kan ti yàtọ̀ sí èkejì bí ọ̀sán ṣe yàtọ̀ sí òru.

Láyé àtijọ́, kò sí wàhálà yìí. Nígbà tí Counter-Strike, géèmù oníbọn tí àwọn ọ̀dọ́ méjì, Minh Le àti Jess Cliffe, fi ara Half-Life ṣe, jáde ní 1999, ẹni tó ni sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí gbogbo èèyàn ń wọlé sí, ló ń to máàpù bó ṣe wù ú. Òun ni baálé ilé. Ẹni tí ilé ẹ̀ ò bá wù, kó gba ilé ẹlòmíràn lọ. Ní 2001, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ David Johnston ṣe máàpù kan tó pè ní Dust II, àwọn èèyàn sì fẹ́ràn ẹ̀ débi pé àwọn sáfà kan wà tí wọn ò gbá nǹkan míì, tọ̀sán-tòru, láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Àìkú. Ẹni tó ń wọ irú sáfà bẹ́ẹ̀ mọ ohun tó ń lọ jẹ níbẹ̀, kò sì sí ẹni tó fi tipátipá gbé e wọlé.

Àwọn iléeṣẹ́ tó ń ṣe géèmù ló gba ipò baálé ilé yìí. Nígbà tí Bungie gbé Halo 2 jáde fún Xbox ní oṣù kọkànlá ọdún 2004, ẹ̀rọ ló ń kó èèyàn jọ, ẹ̀rọ náà ló sì ń yan máàpù. Ó rọrùn, ká má parọ́, èèyàn ò ní máa wá ilé kiri mọ́. Àmọ́ ẹ̀rọ ò mọ ohun tí kálukú ń fẹ́. Ní Halo 3, lọ́dún 2007, wọ́n fún àwọn èèyàn láṣẹ láti kọ máàpù tí ẹ̀rọ mú wá bí àwọn tó kọ̀ ọ́ bá pọ̀ tó. Ṣùgbọ́n ìkejì tó bá jáde, kò sí kíkọ̀ mọ́, bí ẹni tó kọ àmàlà tó wá lọ bá fùfú tó ti mú òórùn. Nígbà tó di Halo: Reach ní 2010, wọ́n kúkú ní kí wọ́n máa dìbò: máàpù mélòó kan rèé, èyí tí ìbò ẹ̀ bá pọ̀ jù ni wọn yóò gbá. Call of Duty náà ń ṣe irú ẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé Modern Warfare III jáde ní 2023, ara nǹkan tí wọ́n fi ń polówó ọjà wọn ni pé ìbò máàpù ti padà dé.

Ìbò! Gbogbo ẹnu ló máa sọ pé ohun tó dáa nìyẹn. Ṣé kì í ṣe ìjọba àwa-ara-wa ni?

Ibí gan-an ni wọ́n ti ṣì í. Ẹ fi ọwọ́ kà á wò. Ká ní èèyàn 10 jókòó, mẹ́fà fẹ́ràn máàpù kékeré tí ìbọn ti ń dún láìdákẹ́, mẹ́rin fẹ́ràn èyí tó fẹ̀, tó gba ọgbọ́n. Wọ́n dìbò, mẹ́fà borí mẹ́rin. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn náà, wọ́n tún dìbò, mẹ́fà tún borí mẹ́rin. Bí wọ́n bá gbá a nígbà 10 mọ́jú, ìgbà 10 làwọn mẹ́fà yẹn máa rí tiwọn, àwọn mẹ́rin ò ní rí tiwọn lẹ́ẹ̀kan. Nínú ètò ìjọba, ẹni tí ẹgbẹ́ ẹ̀ fìdí rẹmi máa dúró ọdún mẹ́rin, ó lè lọ bẹ aráàlú, ó lè yí àwọn tó wà lódì kejì lọ́kàn padà. Ìbò géèmù ò fún ẹnikẹ́ni ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá ni wọ́n ń na àwọn kan náà, wọ́n sì ní kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín.

Kò tán síbẹ̀ o. Àwọn tó ń ya máàpù náà ń jìyà. Ọ̀pọ̀ oṣù ni wọ́n fi ń ṣe pápá kan, wọ́n á gbé e jáde, èèyàn máa dìbò fún èyí tí wọ́n ti mọ̀. Ẹni tí kì í gbá a ò lè mọ̀ ọ́n, ẹni tí ò mọ̀ ọ́n ò sì ní dìbò fún un. Bí tuntun ṣe ń kú sínú ìkòkò nìyẹn. Ẹ rántí Nuketown, máàpù kékeré inú Call of Duty: Black Ops tó jáde ní 2010. Nígbà tí Black Ops II dé ní oṣù kọkànlá ọdún 2012, iléeṣẹ́ Treyarch ya ìlà kan sọ́tọ̀ fún Nuketown nìkan, wọ́n sì yọ ọ́ kúrò láàárín ọjọ́ díẹ̀. Hàà, inú bí àwọn èèyàn! Wọ́n pariwo títí tí wọ́n fi dá a padà fún wọn. Àwọn tó pariwo yẹn ò ṣẹ̀, nǹkan tó dùn mọ́ wọn ni wọ́n fẹ́. Àwọn tí ò fẹ́ràn Nuketown tí ìbò ń fi tipá gbé wọn débẹ̀ lójoojúmọ́ ni kò sẹ́ni tó gbọ́ ariwo tiwọn.

Ẹ wá wo ọ̀rọ̀ tí Yorùbá fi ń pe nǹkan yìí. Lónìí, ẹni tó bá gbọ́ pé wọ́n fẹ́ dìbò, INEC àti káàdì ìdìbò ló máa sọ sí i lọ́kàn. Ṣùgbọ́n kí òyìnbó tó gbé àpótí dé, ìbò táwọn baba ńlá ń dì kì í ṣe kíka orí. Nídìí Ifá, ìbò ni wọ́n ń pe àwọn nǹkan kéékèèké tí wọ́n máa ń dì sọ́wọ́, owó ẹyọ àti egungun, láti fi mọ̀ bóyá ire ni tàbí ibi. Nínú Bíbélì Yorùbá pẹ̀lú, ìbò làwọn àpọ́sítélì dì kí wọ́n tó mú Mátíásì rọ́pò Júdásì, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó nawọ́ sókè níbẹ̀ kí wọ́n kà á. Gègé ni wọ́n ṣẹ́. Ọ̀rọ̀ kan náà ló wá ń jẹ́ méjèèjì, kíka orí àti ṣíṣẹ́ gègé. Fún géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì, ìbò ti àtijọ́ yẹn gan-an ló bá a mu ju.

Àwọn ará Japan tó ni Nintendo ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Nínú Mario Kart Wii, géèmù ìje mọ́tò tó jáde ní 2008, èèyàn 12 lè jọ sáré lórí íntánẹ́ẹ̀tì nígbà náà. Kálukú máa yan ojú ọ̀nà tó wù ú, ẹ̀rọ á kó gbogbo ohun tí wọ́n yàn jọ bí ẹni ko bébà sínú fìlà, á sì fa ẹyọ kan yọ. Mario Kart 8 tó jáde ní 2014 náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ká ní àwọn mẹ́jọ yan ọ̀nà kan, ọ̀nà yẹn ní àyè mẹ́jọ nínú 12. Ṣùgbọ́n ẹni kan ṣoṣo tó yan tiẹ̀ lọ́tọ̀ náà ní àyè kan nínú 12. Bó pẹ́ bó yá, tiẹ̀ á jáde, àwọn mọ́kànlá yòókù á sì bá a sáré e, lára wọn tó kọ́kọ́ ń kùn lè wá rí i pé ọ̀nà náà dùn. Bí wọ́n bá lo ètò yìí fún àwọn mẹ́fà àti mẹ́rin ìṣáájú, nínú ìgbà 10, ó máa súnmọ́ mẹ́fà sí mẹ́rin. Kò sẹ́ni tó kó gbogbo ẹ̀ lọ.

Obìnrin ọlọ́jà tó ti dá èsúsú rí ò nílò kí wọ́n ṣàlàyé èyí fún un. Bí àwọn mẹ́wàá bá ń dáwó, tí gbogbo wọn fẹ́ kó o lóṣù àkọ́kọ́, ṣé wọ́n máa ń ní kí ẹni tí ọ̀rẹ́ ẹ̀ pọ̀ jù máa kó o lóṣooṣù ni? Bí wọn ò bá lè fẹnu kò, wọ́n á kọ nọ́ńbà sí bébà, wọ́n á ká a, kálukú á mú tiẹ̀. Ẹni tó mú ìkẹwàá máa dijú díẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé òun náà máa kó o.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má rò pé fìlà Nintendo ò ní ihò. Ní oṣù kẹfà ọdún 2025, wọ́n gbé Mario Kart World jáde, èèyàn 24 ló ń sá a báyìí. Àwọn ojú ọ̀nà tí wọ́n ń kó síwájú àwọn èèyàn láti yàn nínú ẹ̀, ọ̀pọ̀ ló jẹ́ títì gbọọrọ tó so ibì kan mọ́ ibòmíràn. Èyí tó wu àwọn èèyàn jù ni ti àtijọ́, kí wọ́n yí pápá kan po lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Wọ́n wá rí i pé bí àwọn bá tẹ ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé kí ẹ̀rọ fúnra ẹ̀ yàn, pápá àyípo ló sábà máa ń jáde. Ni gbogbo wọn bá ń tẹ ibẹ̀. Kí oṣù kẹfà yẹn tó parí, Nintendo ṣe àtúnṣe kan tó dí ihò náà, títì gbọọrọ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láti ibẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ ò rí wàhálà! Ariwo sọ kárí ayé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá ṣe àtúnṣe míì tó jẹ́ kí pápá àyípo máa pọ̀ sí i nínú ohun tí wọ́n ń gbé síwájú àwọn èèyàn. Ẹni tó ń ko bébà sínú fìlà, tí kò jẹ́ kí àwọn èèyàn mọ bébà tó wà ńbẹ̀, kò yàtọ̀ sí olórí èsúsú tó ń fọwọ́ bo ìwé.

Àwọn kan wà tí wọ́n ní kí wọ́n dẹ̀kun gbogbo àlàyé yìí, kí wọ́n kàn jẹ́ kí ẹni tó fẹ́ Arabia tò sórí ìlà Arabia, kí ẹni tó fẹ́ Arena lọ sí ti Arena. Ó dùn létí. Àmọ́ ẹ lọ sí Ọ̀ṣòdì lọ wò ó. Danfo kì í kúrò tí kò bá kún. Ká ní èrò kọ̀ọ̀kan ní mọ́tò tó máa já òun sí ẹnu ọ̀nà ilé òun gan-an lòun máa wọ̀, ilẹ̀ á ṣú bá wọn níbẹ̀. Bó ṣe rí nínú géèmù nìyẹn. Ká sọ pé èèyàn 700 ló ń wá géèmù lásìkò kan, eré kan gba èèyàn 10, lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ eré 70. Bí wọ́n bá pín wọn sí ìlà máàpù méje, máàpù tí gbogbo ayé fẹ́ràn lè kó 500 lọ, àwọn mẹ́fà yòókù á pín 200 láàárín ara wọn, ọ̀kan nínú wọn sì lè ní èèyàn mẹ́fà péré tí wọ́n jókòó síbẹ̀ bí èrò tó ń dúró de mọ́tò tí ò ní wá. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣì gbọ́dọ̀ rí i pé àwọn tí agbára wọn dọ́gba ni wọ́n kó pọ̀, kí ọmọdé má lọ bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọ̀gá.

Fún ẹni tó wà ní Èkó tàbí Ìbàdàn, tiẹ̀ tún le jù bẹ́ẹ̀. Bí sáfà bá ṣe jìnnà tó ni ọ̀rọ̀ ṣe máa ń pẹ́ tó lójú ọ̀nà. Valve tó ni Counter-Strike ní sáfà sí Johannesburg, ẹni tí ò bá lo ti ibẹ̀ máa kọjá lọ sí Yúróòpù. Ìbọn tó yìn máa kọ́kọ́ la òkun kọjá kó tó ba ẹni tó yìn ín fún, kí ìyẹn sì tó dé, òun fúnra ẹ̀ ti lè kú. Bí wọ́n bá tún wá pín ìwọ̀nba èèyàn tó wà nítòsí sí ìlà méje, àfi kí ó máa wo ojú ẹ̀rọ, kí dátà máa lọ, títí tí àwọn tí aráàlú ṣì ń pè ní NEPA máa fi dé bá a.

Ohun tó yẹ ni pé kí wọ́n gba ìkórìíra èèyàn gbọ́ ju ìfẹ́ ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá sọ pé Arabia lòun fẹ́ràn jù, bó bá rí Arena, á kùn, á sì gbá a. Ẹni tó kórìíra Islands ni ọwọ́ ẹ̀ máa ń lọ sórí Alt-F4. Kí kálukú ti sọ ọ́ kó tó tò sórí ìlà: máàpù yìí ni mi ò fẹ́ rí. Lẹ́yìn ìyẹn, kí ẹ̀rọ ṣẹ́ gègé lórí gbogbo èyí tó kù, kí èyí tí àwọn èèyàn sọ pé ó wu àwọn ní bébà méjì nínú fìlà, kí èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá tán má sì sí nínú ẹ̀ rárá. StarCraft II, tó jáde ní 2010, ti fi apá kan èyí hàn. Fún ọ̀pọ̀ sáà, máàpù méje ló ń wà fún eré ẹni méjì, ẹni kọ̀ọ̀kan sì lè fagi lé mẹ́ta. Mẹ́ta àti mẹ́ta jẹ́ mẹ́fà, bó ti wù kí wọ́n yàtọ̀ síra tó, ẹyọ kan máa ṣẹ́kù tí ẹnikẹ́ni nínú wọn ò kórìíra. Ìṣirò tó mọ́ tónítóní.

Níbi tí èèyàn bá ti pọ̀ ni ọwọ́ ti ń di. Bí ẹni mẹ́jọ bá ní àṣẹ láti fagi lé ẹyọ kan ẹyọ kan nínú máàpù mẹ́sàn-án, wọ́n lè fagi lé mẹ́jọ. Bí wọ́n bá ní kí wọ́n fagi lé méjì méjì, ilẹ̀ lè má kù rárá tí wọn yóò dúró sí. Nítorí náà, bí èrò bá ṣe ń pọ̀ ni àṣẹ ẹni kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ máa kéré, ohun tí àwọn tó ń bójú tó Age of Empires II sì ń ṣe nìyẹn: wọ́n jẹ́ kí èèyàn fagi lé ìwọ̀nba, wọ́n jẹ́ kó fi àmì sí èyí tó fẹ́ràn, wọ́n sì dá ìyà sílẹ̀ fún àwọn tó ń sá, pé ẹni tó bá sá ò ní lè tún wọlé fún ìgbà díẹ̀. Ìyà yẹn tọ́. Àmọ́ kí wọ́n má kọ́kọ́ gbé pàṣán. Ẹni tí wọ́n ò fún láyè láti sọ pé òun ò jẹ ọbẹ̀ yìí, tí wọ́n wá bu ú fún, wọn ò lè bínú bó bá dìde nídìí oúnjẹ.

Àwọn tó ni géèmù náà gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n ti ọwọ́ tiwọn bọ̀ ọ́. Ní oṣù kejì ọdún 2017, Valve yọ Dust II kúrò nínú máàpù méje tí wọ́n fi ń díje, kí wọ́n lè tún un kọ́, wọ́n fi Inferno rọ́pò ẹ̀. Àwọn kan ṣe bí ẹni pé wọ́n wó ilé baba wọn. Ṣùgbọ́n fún ọdún kan ó lé díẹ̀, àwọn ikọ̀ tó ń fi Dust II gbé ara wọn ró ní láti lọ kọ́ nǹkan míì. Nígbà tó di oṣù kẹrin ọdún 2018, Dust II padà dé, Cobblestone ló kúrò fún un. Kò sí ìbò tó lè ṣe irú iṣẹ́ yẹn, torí kò sẹ́ni tó máa dìbò pé kí wọ́n gbé oúnjẹ tó dùn mọ́ òun lẹ́nu kúrò.

Bí owó ńlá bá wá wọ̀ ọ́, gègé ò tó mọ́. Kò sí ikọ̀ tó máa gbà kí fìlà sọ pápá tí wọ́n máa ti jà du ọ̀kẹ́ àìmọye dọ́là. Níbẹ̀, ojúkojú ni wọ́n ti ń yàn án. Máàpù méje ló wà nílẹ̀. Ikọ̀ àkọ́kọ́ yọ ẹyọ kan, ìkejì yọ ẹyọ kan. Ikọ̀ àkọ́kọ́ yan ẹyọ kan tí wọ́n máa gbá, ìkejì yan tiẹ̀. Wọ́n tún yọ ẹyọ kan ẹyọ kan. Èyí tó ṣẹ́kù ni ìkẹta, tí wọ́n máa gbá bí kálukú bá borí lẹ́ẹ̀kan. Kí ẹni tó yan pápá má sì jẹ àjẹjù, ẹnì kejì ló máa sọ apá ibi tóun ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí ọmọ méjì fẹ́ pín àkàrà: ọ̀kan á bù ú sí méjì, èkejì á kọ́kọ́ mú.

Ní ọjọ́ 31, oṣù kẹta, ọdún 2024, nílùú Copenhagen ní Denmark, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣe é nígbà tí ikọ̀ Natus Vincere, tí gbogbo ayé ń pè ní NAVI, pàdé FaZe nínú àṣekágbá ìdíje ńlá àkọ́kọ́ tí wọ́n fi Counter-Strike 2 gbá. Owó ẹ̀bùn tó wà nílẹ̀ lápapọ̀ jẹ́ 1,250,000 dọ́là, 500,000 nínú ẹ̀ sì jẹ́ ti ẹni tó bá gba ipò kìíní. NAVI gba máàpù àkọ́kọ́, FaZe gba ìkejì. Inferno ló kù nílẹ̀, èyí tí ẹnikẹ́ni nínú wọn ò yàn, tí ẹnikẹ́ni ò sì yọ. Ibẹ̀ ni NAVI ti gbé e.